Ihò Tí Mo Gé Sára Ilẹ̀kùn Ilé Ìwé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti lọ? Àwa níhìn-ín ò ráhùn o. Ìyá rẹ ń kí ọ, ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ wa, Ẹlẹ́rìn-ín, náà ń kí ọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, jẹ́ kí n yáa bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwé Ẹlẹ́rìn-ín gbéṣẹ́ fún mi. Ọ̀gá àgbà wọn tuntun, obìnrin ni, ní kí n gé ihò sára gbogbo ilẹ̀kùn, kí n fi gíláàsì sí i. Àtìgbà tí mo ti ń ṣe káfíńtà, ẹni tó ní kí n dí ihò ni mo máa ń rí. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ní òun gbọ́dọ̀ wádìí mi. Ó ní kí n mú ẹni méjì tó mọ̀ mí wá, tí kì í ṣe ẹbí mi, ó béèrè gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ó ní kí n lọ tẹ̀ka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń wádìí báyìí bí kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́? Mo rí i pé obìnrin yìí ń fojú ọkọ wò mí. Mo fá irùngbọ̀n, mo lọ bá a, mo sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé wèrè ò sí nídìílé wa, n ò sì na obìnrin rí, ṣùgbọ́n mo ti ní ìyá àwọn ọmọ mi nílé, òun nìkan náà sì ti ju agbára mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí onígbàjámọ̀ tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí ti lọ ròyìn fún un, mo wá di ẹni tó ń dáná fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá wá ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni tó bá máa sún mọ́ ọmọ, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe káfíńtà, àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ níbì kan rí. Ó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ìdí tí òun fi ń fi gíláàsì sí ilẹ̀kùn nìyẹn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń wádìí ká tó fi ọmọ kan fọ́kọ, mélòó mélòó odidi ilé ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé, fọkàn balẹ̀ kà á. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa fẹ́ràn, Tíṣà Olóhùn-Iyọ̀ là ń pè é. Òun nìkan ni kò tíì lọ tẹ̀ka, òní iṣẹ́, ọ̀la orí fífọ́. Mo lọ mú Ẹlẹ́rìn-ín nígbà tí ilé ìwé túká, mo bá a pé tíṣà ti fi káléńdà bo gíláàsì tí mo fi sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Gíláàsì tí mo fá etí rẹ̀ dán! Inú bí mi. Mi ò kanlẹ̀kùn, mo ṣí i gbàgà, mo ń pariwo pé kí ló ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àfi bí mo ṣe rí Ẹlẹ́rìn-ín tó há mọ́ igun yàrá, ọkùnrin náà dí ọ̀nà, ẹ̀rín ti kú lójú ọmọ. Tíṣà ní ìṣirò lòun ń kọ́ ọmọ. Mo fa ọmọ lọ́wọ́, mo lọ fi ẹjọ́ gíláàsì mi sun ọ̀gá. Ọ̀gá ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi dìde.

Wọ́n bi Ẹlẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, níṣojú ìyá rẹ. Ó ní tíṣà máa ń fọwọ́ kan òun níbi tí òun ò fẹ́, tíṣà sì sọ fún òun pé bí òun bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ò ní fẹ́ràn òun mọ́. Ọlọ́pàá ti mú tíṣà náà. Ilé ìwé tó ti kúrò tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pé irú ọ̀rọ̀ yìí náà ló gbé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n dókítà ti yẹ Ẹlẹ́rìn-ín wò, ara rẹ̀ dá, ó ti ń sùn, ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ìyá rẹ náà ti ń se oúnjẹ mi padà, ó tún ń bu ẹran lé e. Ọkàn wa ti balẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, gíláàsì ti tán, ilẹ̀kùn yàrá ìkówèésí ló kù. Má fi í sínú fóònù o, fóònù mi bọ́ sómi, n ò fẹ́ kí owó náà rin. Fi rán awakọ̀.

Bí o bá dé, má bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò tètè sọ. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá o ṣì fẹ́ràn òun. Mo ti sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ẹnu rẹ lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, má ṣe dúró de owó kí o tó dá mi lóhùn. Kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, kó lè fúnra rẹ̀ kà á.

Ojú wa ò ní ríbi lára ọmọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ