Àkànní, Ilẹ̀kùn Irin Yín Rèé O

Àkànní ọkọ mi, Bàbá Múdàṣírù, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ fi wá sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹjọ́ mi sùn yín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Wáyà sípíkà tí ẹ fà láti pálọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo fi ń sáṣọ. Mo kó ìró tútù lé e, mo kó bùbá lé e, mo tún fà á wò bóyá ó le. Wáyà já, èmi náà tẹ̀lé e, mo fi ìdí jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe ata rodo! Ẹ ò sì sí nílé láti bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọdún mẹ́ta! Aliyah ọmọ wa tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn ti wọ ilé-ìwé girama. Múdàṣírù ti parí òkè ilé. Ìsọ̀ mi ní Mile 12 ṣì dúró, mo ṣì ń bá àwọn onígwongworo tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó tòmátò wá fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wáyà ti já, ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣa tòmátò, tí ọwọ́ wọn máa ń bá orin àpàlà tí ẹ fẹ́ràn rìn, òfófó ni wọ́n kù tí wọ́n ń ṣe. Jíjẹrà wá ń wọ àárín líle, àwọn oníbàárà ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ni mo bá lọ bá Ọlábámijí tó ń ta ẹ̀rọ orin ní Kétu, mo ní sípíkà tí kì í lo wáyà ni mo fẹ́, kí n má baà tún rí nǹkan sáṣọ sí. Ó gbé ọ̀kan tó ń dán bí ìyàwó tuntun fún inú ilé. Ti ìta dúdú, ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n òjò kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan yóò wà ní pálọ̀, tí yóò máa fi afẹ́fẹ́ rán orin sí méjèèjì. Ó búra pé ògiri kò lè dá a dúró.

Ti pálọ̀ ń kọrin bí ẹyẹ. Ti ẹ̀yìnkùlé ń ta bí epo gbígbóná! Mo gbé e rù, mo padà lọ bá Ọlábámijí, mo sọ ohun tí àgbà kì í kọ sílẹ̀. Ọkùnrin náà bá mi wálé. Ó gbé sípíkà yí ilé ká. Níwájú, ó kọrin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọrin. Ó dé ẹ̀yìn, ó tún ń ta. Ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbàn-ìn gbàn-ìn.

"Màmá, irin yìí ni. Orin ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ta ló ṣe irú èyí?"

Ta ló ṣe é? Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ kó irin wá láti ìsọ̀ yín ní Owódé Onírin lẹ́yìn tí olè jà wá, tí ẹ jó o pọ̀, tí ẹ fi bo fèrèsé ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ ní kí olè má wọlé, ẹ wá sé orin ara yín mọ́lé! Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ ilé là ń gbà.

Múdàṣírù ní òun yóò yọ ọ́ tà, kí a fi onípákó sí i. Mo ní kó kọ́kọ́ tà mí ná. Irin tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ jó! Mo da epo pupa sí ojú kọ́kọ́rọ́, èmi àti Cecilia, àgbà nínú àwọn tó ń ṣa tòmátò, fi ìdí tì í. Ó ké, ó ṣí. Àpàlà yín jáde. Òfófó pa mọ́ wọn lẹ́nu, ọwọ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àkànní, inú ń bí mi sí yín. Ọkọ wo ló ń kú tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń bá ìyàwó jà? A ń ṣàfẹ́rí yín. A fẹ́ràn yín títí di òní. N kò tíì rí ẹlòmíì tó ṣeé bá jà.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Cecilia gbé apẹ̀rẹ̀ tó kù, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó wò mí.

"Ìyá Múdàṣírù, Bàbá ló máa ń ti ilẹ̀kùn yìí lálaalẹ́. Ta ni yóò wá tì í báyìí?"