Èènì Kò Sí Nínú Ìwé Ìdánwò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn. Mùlíkátù, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo kí ìwọ náà. Má fo ibi tí mo bá ti ń bá ọ wí o.

Ara mi le níbí ní Bouaké. Ọyẹ́ ti dé, gbogbo ètè mi ti bó. Mo ṣì ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, Faransé sì ti ń yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníbàárà ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí ọjà bá yá, n ó fi nǹkan rán àwọn tó ń bọ̀ wá sí Ọ̀fà fún Iléyá.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní Mùlíkátù tún fìdí rẹmi nínú ìṣirò, Bàbá sì ti ní kó gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń fẹ́, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí ní Ìlọrin. Kò sóhun tó burú nínú aṣọ rírán. Àmọ́ ọmọ tó ti ń kọ́ àwọn ewúrẹ́ wa ní ABD láti kékeré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí gan-an.

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n bá a wò rèé. Obìnrin kan ní ọgọ́ta kóńgò gàrí. Ó ta iye kan náà fún ẹni mẹ́ta, ó wá ku méjìlá. Mélòó ló tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? Mùlíkátù kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tíṣà tó ń ti Ìjàgbó wá sì fi bírò pupa fagi lé e.

Ìyá, bí a ṣe ń ṣe é rèé. Iye tí a kò tíì mọ̀ là ń pè ní x. Ẹ kà á sí àpò tí a so lẹ́nu. Àpò mẹ́ta àti kóńgò méjìlá jẹ́ ọgọ́ta: 3x + 12 = 60. A yọ méjìlá lápá kìíní, a yọ ọ́ lápá kejì, kí méjèèjì lè dọ́gba síbẹ̀: 3x = 48. Ká wá pín in sọ́nà mẹ́ta: x = 16. Mẹ́rìndínlógún ni.

Mo wo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti Mùlíkátù títí, kò yé mi, àfìgbà tí mo rántí ìsọ̀ yín. Ta ni yóò ra kóńgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ yín tí ẹ kò ní bu odindi kan lé e, kó di mẹ́rìndínlógún? Èènì lọmọ yìí bù fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ojú mi rọ̀. Obìnrin tí mo ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ níbí máa ń fọwọ́ nu orí agolo kó tẹ́jú kó tó dà á fún mi. Kò ṣẹ̀ mí o. Àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni mo mọ̀ pé mo ti jìnnà sílé. Àárò yín ń sọ mí.

Mùlíkátù, obìnrin inú ìwé ìdánwò kì í fúnni ní èènì. Ohun tí ìwé bá sọ ni kí o ṣe. Bí o bá fẹ́ bu èènì, kọ ọ́ sílẹ̀ kí tíṣà rí i: 3(x + 1) + 12 = 60. Ṣe é wò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ ni yóò bọ́ sí.

Ka èyí tó kù sókè kí Bàbá gbọ́. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìṣirò tí ọmọ yìí ṣe lórí le ju èyí tí wọ́n bi í lọ, ó sì gbà á. Ohun tí ẹ̀yin àti Ìyá fi tọ́ wa ló gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún ìdánwò náà ṣe.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ìyá, ẹ má torí ìdánwò dín ọwọ́ yín kù lọ́jà o. Ẹ̀mí yín yóò gùn, Ọlọ́run yóò sì bu èènì lé e.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíù