Ọba Méjì Tó Kú Lọ́wọ́ Mi

Elko, Nevada

Glenda, àkọ́bí mi,

Verna ìyá yín kú ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. O mọ̀, ìwọ náà wà níbi ìsìnkú. Mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ wà dáadáa, àti pé òtútù Spokane kò tíì gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Delfina, aládùúgbò mi, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Royce àbúrò rẹ wá láti Sacramento. Ó ní òun gbọ́ pé ilé káàdì ni mò ń lọ ní ọ̀sán, pé láìpẹ́ màá ta póòkà, tẹ́tẹ́ káàdì yẹn, títí màá fi ta ilé. Ó fẹ́ kí n kó wá sọ́dọ̀ òun, kí a sì gbé ilé náà fún ẹni tó máa rà á. Mo sọ fún un pé inú yàrá wa nínú ilé yẹn ni ìyá rẹ̀ kú sí, mi ò lọ síbì kankan. Ó ní ohun tó ń dẹ́rù ba òun gan-an nìyẹn.

Mo ní kó bá mi lọ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Owó tó kéré jù tí wọ́n ń gbà kí èèyàn fi jókòó ni mo máa ń mú lọ, mi ò sì ní mú òmíràn dání. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í rí káàdì kí wọ́n má bá a lọ. Duane tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé, tí o bá fún un ní ewé igi méjì, yóò fowó lé e. Irú wọn kò ṣeé dẹ́rù bà, nítorí náà mi ò ní dẹ́rù bà wọ́n. Màá jókòó, màá da káàdì nù, màá tún da káàdì nù. Ìgbà tí èyí tó dára bá dé, màá ti gbogbo owó mi síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn á tẹ̀ lé mi. Láti ibẹ̀, ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó tún lè fi owó ńlá lé mi sá. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ nìyẹn, n kò sì tíì jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Royce fẹ́ gbìyànjú. Ó ra owó ike tí wọ́n fi ń ta á, tó pọ̀ ju tèmi lọ, ó jókòó sí òdìkejì mi. Àdéhùn wa ni pé tí owó tèmi bá tán kí tirẹ̀ tó tán, màá bá a lọ sí Sacramento. Tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán, kò ní dárúkọ ilé náà mọ́.

Mo jókòó pẹ́. Duane bi mí pé, "Baba, ṣé ẹ ti kú sórí àga yẹn ni?" Mo ní tí mo bá kú, owó rẹ̀ ni wọn á fi sin mí. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín, Royce náà rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín níwájú mi láti ọjọ́ ìsìnkú.

Lẹ́yìn náà, nínú káàdì méjì tí wọ́n ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọba méjì wọ ọwọ́ mi. Mo ti gbogbo owó mi síwájú. Duane ní, "Baba ti jí o, ẹ jẹ́ ká sá," ó da tirẹ̀ nù, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ bóyá. Àwọn yòókù náà dà á nù. Royce nìkan ló tẹ̀ lé mi. Ó ti kọ́ ìwà wọn láàárín wákàtí díẹ̀. Lupe tó ń pín káàdì tẹ́ márùn-ún sí àárín tábìlì, tí àwa méjèèjì máa kà mọ́ tiwa. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ pupa tó ní àwòrán ọkàn.

Royce wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọkàn márùn-ún ni mo ní, Dádì. Ẹ má bínú."

Ọkàn márùn-ún ju ọba méjì lọ. Mo dojú káàdì mi délẹ̀, mo tì í sọ́dọ̀ Lupe, ó sì kó o mọ́ àwọn tí wọ́n ti dà nù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe ní tábìlì yẹn ni mo ṣe yẹn. O kò gbọ́dọ̀ fi káàdì rẹ sílẹ̀ títí káàdì ẹnì kejì yóò fi wà ní ṣíṣí níwájú rẹ. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ Duane. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló sọ̀rọ̀, mi ò rò pé ó yẹ kí n yẹ ọwọ́ ọmọ mi wò.

Royce wá ṣí tirẹ̀. Ọkàn kan ni, èkejì jẹ́ pupa onígun mẹ́rin. Ó ti ṣì í wò. Ọkàn mẹ́rin péré ló ní, kò sì sí nǹkan míì; ọba méjì mi ì bá ti borí. Lupe wò mí, ó ní, "Baba Stroud, káàdì tí ẹ ti dà nù ti kú. Kò sí ohun tí mo lè ṣe."

Mo ní mo mọ̀. Royce bi mí ohun tí mo ní, mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fẹ́ ti owó náà padà sọ́dọ̀ mi, Lupe ní wọn kì í fún ara wọn lówó lórí tábìlì.

Nígbà tí a jáde síbi ọkọ̀, ó ní, "Ẹ dúró sílé yín, Dádì. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́."

Mo ní, "Ìwọ lo jẹ ẹ́. Káàdì tó kú ti kú."

Ó ní òun kò ní mú mi kúrò nílé ìyá òun nítorí pé mo gba òun gbọ́. Mo ní n kò ní máa gbé inú ilé tèmi nípa àánú ọmọ tí mo bí. A wakọ̀ délé. Ó ti padà lọ, kò sì ní sọ pé kí n wá, èmi náà kò sì ní sọ pé mo ti borí. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí mò ń jókòó láàárín àwọn àpótí ẹrù tí mo dì dé ìdajì.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí ju tèmi lọ. Kí ó má jẹ́ kí ìwọ àti àbúrò rẹ di ẹni tí kò lè jókòó sídìí tábìlì kan náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Harlan Stroud

Ohun tó kù: Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú ilé ló wà nínú àpòòwé yìí. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà ni. Delfina, tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa bá mi ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn títí o fi máa dáhùn. Ìwọ lo dàgbà jù nínú yín. Dá a padà sí mi kí n dúró, tàbí kí o fi ránṣẹ́ sí Royce kí n lọ. Má ṣe bi èmi, má sì bi òun.