Òkúta Àǹtí Níkẹ́

Hyattsville, Maryland,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Bọ̀dá Rótìmí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò ilé, ẹ sì kú iṣẹ́ ológun. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le ní Japan níbẹ̀. Ara tiwa náà le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹja yín ti kú, Bọ̀dá mi. Méje lẹ fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń kúrò ní Camp Springs, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Fídíò tí mo fi ránṣẹ́ ní Sọ́ńdè méjì tó kọjá, ti àtijọ́ ni. Mo purọ́ fún yín, ẹ dárí jì mí.

Ìtùnú ọmọ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ lóṣù tó kọjá, ikọ́ tí kì í jẹ́ kó sùn. Ẹ mọ bí àìsàn ọmọ yìí ṣe máa ń dẹ́rù bà mí. Sísítà Ọlọ́ládé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà fún un, ló bá dúró síwájú táǹkì ẹja yín, ó wò ó títí. Ó ní, "Tóyìn, òkúta nínú omi, nínú ilé onígbàgbọ́? Ṣé o ò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú èyí bọ nílé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ̀yin náà, ilé ẹja lásán ni o." Ó ní, "Máa rẹ́rìn-ín. Ta ló ń wúkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò gbà á gbọ́ tán, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òkúta méjìdínlógún ló wà nínú omi yẹn, mo yọ mẹ́sàn-án. Ìdajì fún ẹ̀rù mi, ìdajì fún yín. Déolú ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, mi ò bi í léèrè. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sí fàráńdà bí ẹni sá èlùbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, omi náà funfun bí omi ògì. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ti kó òkú ẹja mẹ́fà jáde. Mo sáré lọ bá Felix, tó ń ta ẹja òkun fún sísìn ní Lanham. Ó ní òkúta yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá, pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń gbé inú ihò wọn ló ń jẹ ìdọ̀tí omi. Mẹ́sàn-án ìbá tó ká ní mẹ́sàn-án lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ omi tó ti gbára lé méjìdínlógún, wọn kì í gba ìdajì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Dókítà ní omi páìpù tó jò sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tó sì mú un bu, ló fa ikọ́ náà. Wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì, ikọ́ ti lọ. Òkúta ò mọ nǹkan kan.

Lánlọ́ọ̀dù lẹja tó kù, èyí tí Àǹtí Níkẹ́ ìyàwó yín, kí ọ̀run kẹ́ ẹ, sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé ó máa ń lé gbogbo ẹja tó bá yọjú sí ihò rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ to òkúta wọ̀nyẹn. Ẹ ní mẹ́wàá ti tó, kí ẹja lè ráyè lúwẹ̀ẹ́. Àǹtí jókòó sórí àga, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ó ní, "Rótìmí, fi kún un jàre. Ẹja tí kò ríbi sá sí, ẹ̀rù ló máa pa á." Ìka rẹ̀ ló fi tọ́ka síbi tí ẹ ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Ohun tí mo tú ká nìyẹn.

Felix ní mẹ́sàn-án tó ẹja kan. Ó tún ní bí mo bá rẹ àwọn tí mo sá sínú omi oníyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí mo wá ń gbé wọn padà díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ṣì yè, àwọn náà á padà yè, àmọ́ ó máa pẹ́. Wọ́n ti funfun bí egungun. Mo ti rẹ wọ́n sínú ike. Èwo ni kí n ṣe? Mi ò ní fi ẹ̀rù mi pinnu mọ́.

Kí Ọlọ́run mú yín padà láyọ̀. Kí ẹ má bá ilé lófìfo.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Tóyìn.

Àfikún: Lánlọ́ọ̀dù ń jẹun, àmọ́ láti àná kò jáde nínú ihò rẹ̀. Ṣé mẹ́sàn-án ni, àbí méjìdínlógún? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì.