Fóònù Kò Mọ Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Lọ Ẹ̀gẹ́

Tìmílẹ́hìn ọmọ mi,

Ṣé ara ń le? Ó dáa. Àdúrà wà nísàlẹ̀ ìwé, iṣẹ́ ló kọ́kọ́ yá. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́fà ti dúdú. Ẹ̀rọ dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìlọ nǹkan kan. Ìyàwó méjì nílé Akínladé ò kí ara wọn mọ́. Èmi mọ̀, bàbá rẹ mọ̀, Zachariah tó ń tan ẹ̀rọ mọ̀, ìwọ náà mọ̀, torí mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé, o ní o wà nípàdé.

Òfin tí o kó sínú fóònù ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́, pé kó máa pe orúkọ ẹni tó kàn lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ ti fi ọ́ yangàn dé Lánlátẹ̀. Àfi ìgbà tí Rùkáyyàh àti Màrdíyyàh kó ẹ̀gẹ́ dé pọ̀ nínú táksí kan náà. Màrdíyyàh fi ọdún mẹ́rin ju Rùkáyyàh lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Rùkáyyàh ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé Akínladé kí wọ́n tó gbé Màrdíyyàh wọlé fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Òfin kan nínú fóònù ní ẹni tó dàgbà jù ni kó ṣáájú. Òmíràn ní ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni kó ṣáájú. Fóònù wò wọ́n títí, ó ní òun ò lè pe ẹnikẹ́ni. Zachariah náà ní òun ò ní tan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé fóònù pe orúkọ, torí èmi fúnra mi ni mo pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ebi ló ń pa fóònù, mo fi í síná. Ó yó tán, ohun kan náà ló tún ń wí. Mo ní bóyá ojú ló ń tì í láàárín obìnrin, mo gbé e wọ yàrá, mo fi gèlè bò ó, mo ní kó sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́, mi ò ní sọ pé òun ló sọ. Bàbá rẹ ní ẹ̀rù Màrdíyyàh ló ń bà á, òun náà kì í wojú obìnrin yẹn.

Màrdíyyàh ní fóònù mọ àgbà, ojú wa ló ń wò. Ni Rùkáyyàh bá dìde, ó ní, "Ìyàwó wa, lọ́jọ́ tí o wọlé, ta ló da omi sí ọ lẹ́sẹ̀?" Láti ìgbà náà ni wọn ò ti kí ara wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ Màrdíyyàh ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti wú u, òun ló sì dúdú. Nígbà tí Rùkáyyàh rí i, ó ní ká ní ẹnì kan sọ fóun ni, òun ì bá ní kó máa lọ̀ ọ́.

Mo wádìí rẹ̀. Èmi ni mo sọ òfin ọjọ́ orí fún ọ, bàbá rẹ ló sọ ti ìyàwó. O kọ méjèèjì, o ò bi wá pé èwo ni yóò yà fún èwo. Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo ní kí o lọ pọnmi, bàbá rẹ ní kí o wá bó àgbàdo, o jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, o ní ò ń dúró de ẹni tó máa borí nínú wa. Fóònù yìí jọ bàbá rẹ̀.

Wàyí o, kọ ọ́ síbẹ̀: àgbà ni kó ṣáájú, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ìyàwó agboolé kan, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ni ín. Ẹ̀gẹ́ tó bá sì ti pé ọjọ́ mẹ́ta borí òfin méjèèjì, torí ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́ ò mọ̀yáálé.

Mi ò bèèrè owó lẹ́ẹ̀yí, má rò pé orí yọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn méjèèjì tún ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀, Màrdíyyàh sì ti búra pé bí fóònù bá tún dójú ti òun, òun yóò kó obìnrin mọ́kànlá kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ á tú nìyẹn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo fún ọ mọ. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, wọ ọkọ̀ Èrúwà ní ìdájí Jímọ̀, wá dúró lẹ́nu ẹ̀rọ, kí Màrdíyyàh wà lọ́tùn-ún rẹ, kí Rùkáyyàh wà lósì, kí o fi ẹnu ara rẹ pe ẹni tó kàn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àṣẹ méjì dá ọ dúró sójú kan láyé. Ó di Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oyinadé, alága ẹgbẹ́.