Àwòrán Orí Rẹ Tí Mo Gbé Lọ Sọ́dọ̀ Áfáà

Kpakungu, Minna.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Labibah ọmọ mi, Àyìnkẹ́ ọmọ Àbùbákàr,

Mo kí ọ, kíkí tó kún. Ṣé ara le? Ṣé Ìbàdàn ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ onílẹ̀ gbà ọ́ lọ́wọ́ wa, nítorí Ànábì. Bàbá rẹ kí ọ, eékún tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ díẹ̀. Òjò wó ògiri ilé ìdáná, a ti fi páànù dí i. Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀ nínú ilé yìí. Láti ìgbà tí mo ti jókòó kọ lẹ́tà yìí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ n kò gbé nǹkan kan ka iná.

Nípa àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ni. Basheerah, ọmọ onílé wa, ló bá mi túmọ̀ òyìnbó tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, o sì mọ̀ pé Háúsá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ní inú orí rẹ ni wọ́n yà níbẹ̀, pé o lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan ní ọsibítù ńlá, ẹ̀rọ náà ń ró gbà-gbà-gbà, àwọn dókítà sì ń wá ohun tó ń yí padà nínú ọpọlọ ẹni tí ìbànújẹ́ wọ̀ lára tí kò fẹ́ jáde mọ́. Ó ní wọ́n kó àwọn tó ní àìsàn ìbànújẹ́ yìí sápá kan, wọ́n kó àwọn tí ara wọn dá sápá kejì, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Mo ní kó ka ibi tí o ti sọ apá tí ìwọ wà. Ó wá a títí, kò rí i. Ó ní "Mama, kada ki damu," pé kí n má dààmú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá!

Ni mo bá gbé fóònù lọ bá Akeem onífọ́tò ní Tudun Wada pé kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, kó fẹ̀ dáadáa. Ó bi mí bóyá kí òun fi pupa sẹ́yìn rẹ̀ bíi ti fọ́tò fọ́ọ̀mù. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe rí. Labibah, orí tí mo fi ọwọ́ ara mi dì títí o fi dàgbà, mo wò ó, n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ihò dúdú méjì wà láàárín rẹ̀. Mo ní áà, ibi tí ìbànújẹ́ náà jókòó sí rèé. Basheerah ní gbogbo orí ló ní ihò yẹn, pé omi ló wà níbẹ̀, òun rí i nínú ìwé. Mo ní ta ló bi í léèrè.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Áfáà Junaid. O mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, aláìsàn á mu ún. Mo wá rò ó pé nígbà tí àwòrán ti fi ojú ibi tó ń dunni hàn, kí ló dé tí a tún ń kọ ọ́ sára igi? Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí àwòrán náà gan-an, kí yíǹkì tàdáwà bọ́ sójú ihò dúdú yẹn gẹ́lẹ́, kí àdúrà má baà ṣìnà, kí n wá fọ̀ ọ́ sínú ike, kí n fi rán awakọ̀ sí ọ. Áfáà rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi ṣí. Wọ́n ní Ọlọ́run kò nílò kí n máa nawọ́ sí ibì kan fún Òun. Wọ́n wá dá àwòrán náà padà sí mi lọ́wọ́. Wọ́n bi mí pé ṣé ọmọ náà ń sùn? Ṣé ó ń jẹun? Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

N kò mọ̀. Mo dúró pẹ̀lú orí rẹ lọ́wọ́, n kò sì mọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ojú tì mí, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, ọ̀rọ̀ eékún àti ògiri ni mo máa ń rò fún ọ, kí owó fóònù tó tán. Ó dùn mí gan-an.

Wàyí o, bí o bá wà lápá àwọn tí ara wọn dá, kọ lẹ́tà gígùn kí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbà. Bó bá jẹ́ apá kejì ni, má wulẹ̀ kọ nǹkan kan, má wá ọ̀rọ̀ kiri. Fi owó ọkọ̀ nìkan ránṣẹ́, yóò yé mi. Fi díẹ̀ kún un fún òògùn bàbá rẹ. Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú, yóò tan ìmọ́lẹ̀ sọ́kàn rẹ, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún ìwọ nìkan. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Sàlíhátù.

Mo tún rántí o. Awakọ̀ tó máa ń bá wa mú lẹ́tà kò ní lọ sí Ìbàdàn títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n kò sì lè jókòó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá rẹ ti bá mi wá owó ọkọ̀. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo mú lẹ́tà yìí wá, ṣílẹ̀kùn.