Ọdún Márùn-ún Tí A Fi Ń Gbé Aràrá Rẹ Kiri

Ọdún márùn-ún rèé tí o ní o ń bọ̀. Ọdún márùn-ún gbáko! Níwájú àwọn ẹbí rẹ, "ẹ" ni mo máa ń fi bá ọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ìyàwó wọn ò lẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, "o" ni. Inú ń bí mi, ọkọ mi, inú ń bí mi gan-an, mi ò sì ní í bò ó.

Àwọn ẹlòmíràn máa ń kọ ọ́ sínú irú ìwé ìrántí òkú báyìí pé ikú ló ṣe ohun tó burú. Èmi ò bá ikú wí. Ìwọ ni mò ń bá wí! Dókítà ní kí o sinmi. Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́, ó ní ọkàn rẹ ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná. O mi orí pé o ti gbọ́, bí ọmọ gidi. Kò pẹ́ sí i ni oníbàárà kan pè ọ́ láti ìlú kejì pé yàrá tí òun ń kó ẹja dídì sí kò tutù mọ́, o sì na ọwọ́ sí àpótí irinṣẹ́ rẹ. Mo ní kí o rán ẹlòmíràn lọ. O ní ẹja èèyàn á bàjẹ́.

Ẹja yẹn kò bàjẹ́ o! Jẹ́ kí n sọ fún ọ, bóyá o ò gbọ́. Oníbàárà náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó wá kí wa. Ó ní o tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó ń tutù dáadáa, kí o tó jókòó sórí àga kan tí o ní ó rẹ̀ ọ́ díẹ̀. Ó ní òun rí ẹja náà tà. Mo ní ẹ kú orí ire, mo sì wọ yàrá lọ kí n má baà la nǹkan mọ́ ọn lórí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lo jáde nílé, a sì wà nídìí géèmù. Géèmù yẹn náà ni, èyí tí pátákó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo tábìlì, tí wọ́n ya igbó, ẹrẹ̀, ihò àpáta àti òkè dírágónì sí lára. Kálukú ní ọmọ géèmù tirẹ̀, a ó da dáìsì, a ó ṣí káàdì, a ó bá ẹranko burúkú jà títí ẹnì kan yóò fi dé orí òkè lọ gba adé. Ọdẹbìnrin ni tèmi. Àbúrò rẹ mú jagunjagun tó wọ ẹ̀wù irin. Ọmọ wa obìnrin mú oṣó, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú olè, ó sì ń fi iṣẹ́ náà yangàn láàárín ìdílé ọmọlúàbí. Ìwọ mú aràrá alágbẹ̀dẹ, èyí tí òòlù ọwọ́ rẹ̀ kán, tí o fi gúlù lẹ̀ ẹ́ padà ní wíwọ́.

Òfin inú ìwé géèmù ò tó ọ, o tún ní láti ṣe òfin ilé. Dáìsì tó bá já bọ́ sílẹ̀, ìkookò ti bu ẹni tó dà á jẹ. Ẹni tó bá yán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀. Dírágónì ṣeé bẹ̀: ẹni tó bá lè bẹ̀ ẹ́ títí gbogbo tábìlì fi rẹ́rìn-ín, kò ní í fi iná jó o. Ìwọ nìkan ni òfin yẹn ń gbè. Wàá kí dírágónì, wàá béèrè ìyàwó rẹ̀, wàá ní iná ẹnu rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, pé o lè bá a tún un ṣe ní ẹ̀dínwó. Àbúrò rẹ á fẹ́ẹ̀ kú fún ẹ̀rín.

Èyí tó ń dùn mí ni òfin arìnrìn-àjò. Iṣẹ́ tó ń gbé ọ kiri lo tìtorí ẹ̀ ṣe é. O ní ẹni tí iṣẹ́ bá gbé jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò lórí pátákó. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni yóò máa bá a da dáìsì. Ọmọ náà yóò máa gba ìpín nínú gbogbo ohun tí a bá rí. Kò gbọdọ̀ kú títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Bó bá ṣubú, ẹni tó ń gbé e gbọ́dọ̀ dúró tì í títí yóò fi rí àgbo mu. Bí o ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, o tún bojú wẹ̀yìn, o ní ká máa gbé aràrá rẹ lọ, o ń bọ̀.

O ń bọ̀! Kí ló dé tí o ò ṣe òfin kankan fún ẹni tí kò bọ̀?

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ilé tí o fi sílẹ̀ láìkùn ti parí. Àwọ̀ ewé ni mo kùn ún, èyí tí o ní kò ní í kan ògiri rẹ láéláé. Ọmọ rẹ obìnrin ti ga jù mí lọ, ìwé òfin ló ń kà, Adájọ́ la sì ń pè é nínú ilé torí kò sí ìjà tí kì í dá sí. Ohùn ọmọ rẹ ọkùnrin ti yí padà. Tó bá wúkọ́ nílé ìwẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró.

Ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún fíríìjì ṣe kò tì. Èmi ni mò ń ṣí i! Èmi tí o ń lé kúrò nídìí páìpù gáàsì pé kó má lọ ṣe mí léṣe. Mo kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n débi pé tí ẹ̀rọ ẹ̀yìn fíríìjì bá ti dún báyìí, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn tó ń béèrè pé ọ̀gá dà, èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá báyìí. Iṣẹ́ tó pa ọ́ ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ. Ṣé o rí i pé ó yẹ kínú bí mi?

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni a ṣì ń tẹ́ pátákó. Mo máa ń da dáìsì tìrẹ, n óò sì da tèmi. Torí pé aràrá rẹ ò lè kú, tí ìpín rẹ̀ sì ń wọlé, òun ló ń gba adé jù nínú ilé yìí. Òkú ń na alààyè! Mi ò gba adé rí láti ìgbà tí o ti lọ. Tí ìgò àgbo bá ku ẹyọ kan, aràrá ni mò ń fún, torí tó bá ṣubú, èmi náà ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ọdẹbìnrin mi á wá kú sínú igbó, n óò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mò ń kú kiri nítorí ẹni tó ti kú.

Àbúrò rẹ ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ìwé géèmù ní ẹni tó bá ti dìde, kí wọ́n gbé ọmọ ẹ̀ sínú àpótí." Mo bínú! Mo ní ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ gbé sínú àpótí lẹ́ẹ̀kejì? Kò wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá lọ́sẹ̀ kejì. Adájọ́ ní kí Dádì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí wọ́n má gba ìpín mọ́. Ọmọ rẹ ọkùnrin fọwọ́ gbá tábìlì, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan aràrá Dádì, òun ò tún jókòó nídìí tábìlì yìí mọ́ láyé òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń kó gbogbo wa jọ sójú kan, òfin rẹ ti fẹ́ tú u ká.

Adájọ́ ló wá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, láìgbé ojú sókè nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ borí ni?" Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ó wá yé mi pé kì í ṣe àbúrò rẹ ni mò ń bá jà, ara mi ni.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá yìí, mo ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ pé kó wá, mo sì ṣe òfin ilé. Èmi náà lè ṣe é! Mo ní aràrá ò kúrò lórí pátákó, ìpín rẹ̀ ò sì dín. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kí ó máa jà bíi tiwa, kí ó sì máa ṣubú bíi tiwa, ẹnikẹ́ni ò sì ní dúró tì í mọ́. Ọmọ rẹ ọkùnrin wò mí títí. Mo rò pé yóò dìde. Kò dìde.

A dé òkè dírágónì, èmi pẹ̀lú ìwọ. Ara ọdẹbìnrin mi ti gbọgbẹ́, aràrá rẹ náà ti fẹ́ẹ̀ ṣubú, ìgò àgbo sì ku ẹyọ kan. Mo mu ún. Èmi ni mo mu ún, ọkọ mi! Mo wá da dáìsì tìrẹ, kò tó. Ọmọ rẹ ọkùnrin ní ẹ dúró, òun á bá Dádì bẹ dírágónì. Ó kí i, ó béèrè ìyàwó rẹ̀, ohùn tuntun yẹn sì jọ tìrẹ débi pé kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, dírágónì sì fi iná jó aràrá. Òun fúnra rẹ̀ ló mú aràrá náà kúrò lórí pátákó, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní kí n máa da dáìsì tèmi.

Mo dà á. Mo pa dírágónì. Mo gba adé! Adájọ́ fò mọ́ mi lọ́rùn, àbúrò rẹ ń pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo pé ìyàwó àwọn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Mo ti yíjú sí ibi tí o máa ń jókòó sí kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìwọ ni ì bá sọ pé òjóró ni mo ṣe. Ìwọ ni ì bá ní ká tún dáìsì yẹn dà, pé igun tábìlì gbè mí, à bá jà á wọ ilé ìdáná, à bá jà á títí di ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tó bá mi jiyàn. Gbogbo wọn ló ń bá mi yọ̀.

Inú ṣì ń bí mi sí ọ. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ, ọdún márùn-ún ò bu nǹkan kan kúrò níbẹ̀, àárò rẹ sì ń sọ mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n adé yẹn ò dùn mọ́ mi lọ́wọ́, ọkọ mi. Ìwọ ni mo fẹ́ nà, tí wàá sì wà níbẹ̀ láti bínú.